Etí Tí Mo Fi Ń Yan Fésà fún Àwọn Onígìtá

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi ara yín léèrè iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe, ẹ jókòó. Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ kan tí olùkọ́ yín kò ní dárúkọ fún yín láéláé, nítorí òun náà kò mọ̀ pé ó wà. Ìlaròó ni mò ń gbé. Fésà ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi yàn fún àwọn onígìtá. Láti Ìmàṣàyí títí dé Ajílété, Bàbá Fésà ni wọ́n ń pè mí, àwọn ọmọ àdúgbò mi sì rò pé orúkọ tí bàbá mi sọ mí nìyẹn.

Bí ẹ kò bá mọ ohun tó ń jẹ́ fésà, kò burú. Àpótí irin kékeré kan ni, kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, tí onígìtá máa ń gbé sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Waya gìtá á gba ẹ̀gbẹ́ kan wọ inú rẹ̀, waya mìíràn á sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì lọ sínú ámpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde. Bí onígìtá bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ohùn gìtá á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, á lọ, á bọ̀, á ṣí, á tún padé. Ẹ rántí bí orin ìjọ tó wà lókèèrè ṣe máa ń dún nígbà tí atẹ́gùn bá ń gbé e wá tó tún ń gbé e lọ. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Etí ni irinṣẹ́ mi, n kò ní òmíràn. Ti òsì ti lọ tipẹ́, ẹ ó gbọ́ bó ṣe lọ. Ti ọ̀tún náà ti ń di ẹrù rẹ̀ báyìí. Kì í sì í ṣe dídi adití gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ìyàwó mi ti kú, ọmọ mi kan ṣoṣo wà ní Kútọnu, àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́ ti sùn lọ. Àwọn tó ń wá yan fésà nìkan ló ṣẹ́ kù tí wọ́n ń yà sílé mi. Bí etí yìí bá lọ, ta ni yóò tún wá? Ìbẹ̀rù yẹn wà lábẹ́ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ má jẹ́ kí àwàdà mi tàn yín.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn. Àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ ni bàbá mi. Ó rí i pé mo máa ń tú rédíò rẹ̀ palẹ̀, n kì í sì í lè tò ó padà. Ó ní, "Níwọ̀n ìgbà tó o ti mọ̀ ọ́n tú, jẹ́ ká wá ẹni tó máa kọ́ ẹ ní títò." Ó mú mi lọ bá Bàbá Jímọ̀, tó ń tún rédíò àti ámpù ṣe. Ohun tí wọ́n san àti ohun tí n kò rí gbà kò kan ìtàn yìí.

Bàbá Jímọ̀! Ọkùnrin gíga, ó tín-ín-rín, kì í rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé ó máa ń rẹ́rìn-ín lójú oorun, ṣùgbọ́n bí òun bá jí i láti bi í léèrè ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, á fajú ro. Onísùúrù ni lórí ẹ̀rọ, kò ní sùúrù rárá lórí ènìyàn. Gbogbo ẹgbẹ́ olórin àgbègbè wa ló ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ti ìjọ àti ti òde, nítorí pé nígbà náà kò sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn tí wọ́n ti lè gbọ́ fésà méjì, mẹ́ta, kí wọ́n tó mú ọ̀kan. Ní Èkó, ẹni tó ń tà á kò ní gbà kó o gbọ́ ọ tẹ́rùn. Wàá ta okùn gìtá lẹ́ẹ̀mejì, ó ti ń béèrè owó.

Òjò kan dé, ó lọ, ẹ̀ẹ̀rùn tẹ̀lé e, n kò tíì fọwọ́ kan fésà kankan. Waya ni mò ń ká. Bí o bá ká waya kí o sì lọ́ ọ, ọ̀gá mi á tú u dà sílẹ̀, á ní kí o tún un ká. Bí o bá sunkún, á ní kí o nu ojú kó o má bàa fi omi ba ẹnu waya jẹ́. Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ìdí tèmi gbóná dáadáa, kì í sì í ṣe iná ló mú un gbóná, pàṣán ọ̀gá mi ni.

Ọ̀nà tí ó fi ń bá ènìyàn yan fésà, n kò tíì rí i níbòmíràn títí di òní. Àkọ́kọ́, ẹni tó fẹ́ rà á á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á kọjú sí títì, á kẹ̀yìn sí wa. Kò gbọdọ̀ wo àpótí tí a ń tẹ̀. Ọ̀gá mi a máa sọ pé, "A kì í fi ojú ra ohùn." Ọjọ́ kan, olórí ẹgbẹ́ olórin kan wọlé, fìlà rẹ̀ ga dé òrùlé, ó ní òun kò jókòó.

"Èmi? Kí n kẹ̀yìn sí nǹkan tí mo fẹ́ fowó mi rà?"

"Bó bá jẹ́ àwọ̀ lẹ fẹ́ rà," ni ọ̀gá mi wí, "ọ̀dọ̀ ọlọ́dà lẹ máa lọ. Ó wà ní iwájú níbí."

Ọkùnrin náà bú títí, lẹ́yìn náà ó jókòó. Fésà tó ń dán bí ọsàn pípọ́n ló ti gbé ojú lé láti ìta. Nígbà tó kẹ̀yìn tán tó gbọ́ ọ, ó ní kí a má tún tẹ ìyẹn mọ́. Èyí tó yàn ni ọ̀kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó, tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti sọnù tí a fi ìdérí ìgò ọtí dípò. Ó yíjú padà, ó rí i, ó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjà tuntun. Ọ̀gá mi ti kó àwọn yòókù sínú àpótí.

Ọ̀nà kejì ni pé a kì í yan fésà láìsí ohùn ènìyàn níbẹ̀. Ìyá Jímọ̀, ìyàwó ọ̀gá mi, máa ń yan gàrí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Bí a bá ti fẹ́ gbọ́ fésà, ọ̀gá á pè é, obìnrin náà á sì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, igbá tó fi ń ro gàrí lọ́wọ́, á máa kọrin. Bọ́tìnnì kan wà lára fésà tó máa ń mú kí ohùn yí kíákíá tàbí kó rọra yí. Ọ̀gá mi á yí i débi tó lọ́ra jù lọ, á ní kí onígìtá máa ta gìtá, kí Ìyá Jímọ̀ máa kọrin. Ibi tí Ìyá Jímọ̀ bá ti dánu dúró láti mí ni ọ̀gá mi ń dẹ etí sí. Bí fésà náà bá dára, ìgbà tí olórin bá mí ni ohùn gìtá á ṣí, á kún àlàfo náà. Ẹni tó ń gbọ́ kò ní mọ̀ pé olórin mí rárá. Bí àpótí kan kò bá lè lọ́ra tó èémí ènìyàn, ọ̀gá mi á dá a padà fún ẹni tó gbé e wá, á ní, "Èyí ń sáré. Ta ló ń lé e?"

Àwọn àyẹ̀wò kéékèèké wà tí mo ṣì ń sọ fún ènìyàn. Di okùn gìtá mú kó má dún, kí o gbọ́ bóyá àpótí náà ń hó bí epo gbígbóná. Tẹ̀ ẹ́, kí o tún tẹ̀ ẹ́, kí o mọ̀ bóyá ohùn gìtá rẹ lọ sílẹ̀ tàbí ó fò sókè. Gìtá tìrẹ ni kí o gbé wá, má ṣe fi gìtá oníṣọ́ọ̀bù gbọ́ ọ, nítorí gìtá oníṣọ́ọ̀bù mọ̀ ọ́n parọ́ fún oníṣọ́ọ̀bù.

Òfin tó le jù ni pé ẹni tó ń gbọ́ kò gbọdọ̀ kọrin. Mo gbàgbé lọ́jọ́ kan. Orin Ìyá Jímọ̀ dùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú gbè é. Ọ̀gá mi lù mí lórí pẹ̀lú ìka tó le bí irin.

"Ẹnu rẹ ń jẹ oúnjẹ etí rẹ!"

Láti ọjọ́ náà n kò kọrin mọ́. N kò kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kò kọrin ní balùwẹ̀, n kò kọrin rẹ ọmọ mi. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi á péjọ, á máa kọrin, á máa jó, èmi á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, màá máa gbọ́. Wọ́n rò pé ìgbéraga ni. Iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún yín pé iṣẹ́ tó ń kọ́ ènìyàn ní dídákẹ́ ń kọ́ ọ ní dídá wà pẹ̀lú. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Mo rò pé mo kàn ń gbọ́n ni.

Nígbà tí mo gba òmìnira, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ìlaròó níbí, mo sì fẹ́ Àbẹ̀kẹ́. Aránṣọ ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní yàrá kan, ámpù mi wà ní èkejì, ògiri kan ló wà láàárín wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo fẹ́ ẹ nítorí ohùn rẹ̀. Ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà wa: "Kò fẹ́ mi o, ó gbà mí síṣẹ́ ni." Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni mo fi yan fésà fún gbogbo ènìyàn. Mo kàn máa kan ògiri, á fi aṣọ sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ orin. Èémí rẹ̀ gùn, kì í yára já. Mo mọ ibi tí yóò ti mí ju bí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ lọ.

Ìgbà náà dùn. Ènìyàn ń ti ẹnu ibodè wá. Ẹnìkan wá láti Kétu, gbogbo ohun tí mo bá sọ ni ó ń dáhùn pé "Wí, wí," tí í ṣe bẹ́ẹ̀ ni lédè Faransé, títí Àbẹ̀kẹ́ fi wí fún un pé ọkọ òun ti wí tán, kí òun náà wí tirẹ̀. Mo tún rántí àwọn onígìtá méjì ìjọ kan ní Ìmàṣàyí tí wọn kì í fẹ́ rí ara wọn sójú. Ọ̀kan ra fésà lọ́dọ̀ mi. Èkejì gbọ́, ó sáré lọ Èkó, ó ra tirẹ̀, ó fi pa mọ́ di ọjọ́ ìkórè. Ní ọjọ́ ìkórè, àwọn méjèèjì tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ń yí lọ, èkejì ń yí bọ̀. Ẹgbẹ́ akọrin ṣìnà nínú orin, ìyá àgbà kan sì di àga iwájú rẹ̀ mú, ó ń pariwo pé, "Ṣé ilẹ̀ ló ń yí ni, àbí orí mi?" Pásítọ̀ ránṣẹ́ pè mí. Mo sọ fún wọn pé fésà kan ṣoṣo ni kó máa dún lẹ́ẹ̀kan náà nínú ẹgbẹ́ kan, kí ọ̀kan dákẹ́ fún èkejì, kí wọ́n máa gbà á ṣe. Wọ́n ń gbà á ṣe títí di ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn kó lọ sí Ajílété.

Igbógìlà ni etí mi ti lọ. Wọ́n ń ṣí gbọ̀ngàn kan lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹgbẹ́ olórin tó fẹ́ ṣeré sì ní kí n tẹ̀ lé àwọn, nítorí fésà tí mo yàn fún wọn ń hó. Kò hó nígbà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí náà mo mọ̀ pé láti ara iná ni. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń lò. Mo sọ fún ọkùnrin tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ náà pé bó bá fẹ́ pa á, kó kọ́kọ́ sọ fún wa, kí a lè yí gbogbo ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá." Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé etí òsì mi sún mọ́ ẹnu sípíkà ńlá, mo fẹ́ gbọ́ irú híhó tí ó ń hó. Epo tán nínú jẹnẹrétọ̀. Iná lọ, mo sì rò pé yóò pẹ́ kó tó dé, n kò gbé orí kúrò. Ọkùnrin yẹn da epo sí i, ó fà á, ó tan iná padà láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohùn gbogbo wà lókè pátápátá.

N kò lè pe ohun tí mo gbọ́ ní ariwo. Ó dà bíi pé ẹnìkan fi ọwọ́ gbá mi láti inú orí. Mo rí ẹnu àwọn ènìyàn tí ó ń ṣí tó ń padé. Mo fọwọ́ kan etí, ẹ̀jẹ̀ ni. Ọkùnrin onígìtá gbé mi sórí ọ̀kadà, ó dì mí mú láti ẹ̀yìn títí a fi dé ilé ìwòsàn. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní awọ etí òsì ti ya, yíya rẹ̀ kò sì kéré. Ó ní kí n má retí pé yóò jinná.

Mo délé, mo ti ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí n ó ṣe kò yé mi. Ẹni tó ń fi etí jẹun tí etí rẹ̀ já, kí ló kù fún un? Mo jókòó sórí ibùsùn, mo kọ̀ láti jẹun, mo kọ̀ láti sọ̀rọ̀. Àbẹ̀kẹ́ kò bẹ̀ mí. Ó wá jókòó sẹ́yìn mi, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé egungun tó wà lẹ́yìn etí òsì mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọrin. Mo gbọ́ ọ! Mo gbọ́ ọ ní etí tó ti kú náà, ó mọ́ gaara, àfi bíi pé inú orí mi ni ó ti ń kọ ọ́. Mo sunkún bí ọmọdé. Ó ní, "Dákẹ́, jẹ́ n parí orin mi."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo máa ń fi egungun ẹ̀yìn etí kan igi ara ámpù, màá wá fi etí ọ̀tún gbọ́ ìyókù. Àwọn ènìyàn á rí mi tí mo gbé orí lé ámpù bí ẹni tó sùn, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Kò dùn mí. Mo ṣì ń yan fésà tí ń bá ènìyàn mí.

Irinṣẹ́ ń yí padà ní tirẹ̀. Bátìrì la fi bẹ̀rẹ̀; ádápítọ̀ tó ń gba iná ògiri dé, ó ń fi ariwo iná sínú ohùn. Lẹ́yìn náà ni àpótí ńlá dé, tó ní ohùn tí a kò lè kà tán nínú, tí fésà jẹ́ ọ̀kan péré nínú wọn. Ọmọkùnrin kan gbé e wá, ó ní òun kò nílò kí ẹnikẹ́ni bá òun yan nǹkan mọ́, gbogbo rẹ̀ ni òun rà. Mo ní kó fi ọ̀kan tó fẹ́ràn hàn mí. Ó yí bọ́tìnnì títí, kò rí i. Ohun ire ni o, n kò bú u. Ó kàn dà bí ilé oúnjẹ tí èlò ọbẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ ju alásè lọ. Kíbọ́ọ̀dù wá dé ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀pọ̀ ìjọ sì gbé gìtá kọ́ ògiri. Ní báyìí fésà ti wọ inú fóònù. N kò mọ ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ ìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́ kú láàárín ìgbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀. Àìsàn rẹ̀ kò pẹ́. N kò lè sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Bùnmi ọmọ wa wá láti Kútọnu, ó fẹ́ mú mi lọ, mo sì lọ. Faransé ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ láàárín ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, n kò mọ ohun tí a ń rín. Mo padà sí Ìlaròó. Bí mo bá kan ògiri báyìí, ògiri náà ni mo kàn.

Mo ṣì ń ṣí ilé ní Sátidé fún ẹni tó bá fẹ́ yan fésà. Nígbà mìíràn ẹnìkan á wá, nígbà mìíràn oṣù á fi parí, kò sẹ́ni. Olórin kò sí nílé mọ́, nítorí náà mo máa ń ní kí onígìtá mú ẹni tí yóò kọrin wá. Ní ọdún yìí, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ọmọbìnrin kan dé láti Ayétòrò lórí ọ̀kadà, gìtá lẹ́yìn, àpò láyà. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán o, Bàbá. Tósìn lorúkọ mi. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń bá èèyàn yan fésà."

"Èmi ni. Olórin rẹ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, Bàbá. Kò lè gun ọ̀kadà wá. Àyà rẹ̀ ni kò gbé e."

Ó jókòó, ó ṣàlàyé. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kù nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn. Onílù ti rìnrìn àjò, ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ti lọ sí ìjọ mìíràn. Gìtá kan àti ohùn kan ni wọ́n ní. Láti ìgbà tí àìsàn ti ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èémí rẹ̀ kúrú. Ohùn rẹ̀ máa ń já láàárín orin, ìjọ á sì yí ojú wò ó. "Ó ní bó bá tún já lẹ́ẹ̀kan sí i, òun ò ní dúró síbẹ̀ mọ́ láéláé. Ẹni tó ń ta fésà yá mi ní mẹ́ta, ó ní kí n mú ọ̀kan kí n dá méjì padà. Mi ò mọ èwo ni kí n mú."

Mo kẹ̀yìn sí i bí òfin ti wí, mo sì ní kó bẹ̀rẹ̀. Èkíní ń hó, mo gbọ́ híhó rẹ̀. Èkejì ń sáré, kò mọ̀ ọ́n lọ́ra. Mo ní kó tẹ ẹ̀kẹta. Ohùn gìtá lásán ni mo ń gbọ́. Mo gbé orí lé ámpù, mo fi egungun ẹ̀yìn etí tì í. Gìtá lásán náà ni.

"Tẹ̀ ẹ́," ni mo wí.

"Mo ti tẹ̀ ẹ́ tipẹ́, Bàbá. Ó ń yí."

Mo gbé orí síbẹ̀, n kò gbé e kúrò. Mo lè ní ẹ̀kẹta kò dára, á gbà, á gbé èkejì lọ. Mo lè ní ó dára. Ohunkóhun tí mo bá wí ni yóò gbà, yóò sì sọ fún àwọn ẹlòmíràn ní Ayétòrò pé Bàbá Fésà ṣì wà, wọn yóò sì máa wá. Bí mo bá sọ òtítọ́, ẹsẹ̀ yóò dá nílé mi. Mo mọ̀ ọ́n dájú. Mo wá ronú kan obìnrin yẹn ní Ayétòrò, tí ohùn rẹ̀ yóò já níwájú gbogbo ìjọ.

Mo yíjú sí i. "Ọmọ mi, n kò gbọ́ ọ."

"Ṣé kí n gbé ohùn sókè díẹ̀?"

"Rárá. Etí mi ni. Ó ti lọ."

Ó gbé ọwọ́ kúrò lára gìtá.

"Ta ló wá máa bá mi yàn án báyìí, Bàbá?"

"Ìwọ."

"Hàà! Èmi kẹ̀? Mi ò mọ̀ ọ́n yàn o."

"O ní etí. Mo máa sọ ohun tí o máa gbọ́ fún ọ." Mo ṣàlàyé bọ́tìnnì fún un, àti èémí, àti àlàfo tí gìtá gbọ́dọ̀ kún. Ó gbọ́ ọ dáadáa, ó mi orí. Ó wá ní, "Ta ló máa kọrin? Bí mo bá ń kọrin, mi ò ní lè gbọ́."

Òótọ́ ni. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé náà. Mo wá ìdí tí kò fi yẹ kó jẹ́ èmi, n kò rí ọ̀kan tó kù. Èmi kọ́ lẹni tó ń gbọ́ mọ́, òfin ọ̀gá mi kò dè mí. Mo nu ẹnu, mo sì bẹ̀rẹ̀ orin kan tí Àbẹ̀kẹ́ máa ń kọ nídìí aṣọ:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ, ẹ má gbàgbé ọ̀nà,
mo ránṣọ yín tán, mo fi kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn.

Ohùn mi rí bí ilẹ̀kùn tí a kò fi epo sí. Tósìn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Àgbà ni mí, èémí mi kì í lọ jìnnà. Mo kọ díẹ̀, mo dánu dúró, mo mí, mo tún kọ díẹ̀. Ojú ń tì mí. Mo fẹ́ dúró, ṣùgbọ́n ó ń fi orí sọ fún mi pé kí n máa bá a lọ. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti di ojú. Ọwọ́ rẹ̀ kan lọ sórí bọ́tìnnì, ó yí i díẹ̀, ó padà sórí okùn.

Nígbà tí mo parí, ó ní, "Bàbá, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń mí."

"Fésà náà ńkọ́?"

"Ó ń dúró dè yín. Tẹ́ ẹ bá ti mí, á ṣí. Ẹ̀ẹ̀ gbọ́ ọ rárá?"

"Rárá."

"Ó dùn, Bàbá. Ó dùn gan-an."

Ẹ̀kẹta yẹn ló mú lọ. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó sì lọ. Lẹ́yìn ìjọsìn ọjọ́ kan, ó ránṣẹ́ sórí fóònù aládùúgbò mi pé ẹ̀gbọ́n òun kọrin dé ìparí, pé ẹnikẹ́ni kò yíjú wò ó. Etí ọ̀tún ti burú sí i nígbà náà, aládùúgbò náà kígbe ọ̀rọ̀ náà sínú rẹ̀ kí n tó gbọ́.

Ó sì sọ òótọ́ fún àwọn tó bi í léèrè, pé etí Bàbá ti lọ, bí mo ṣe sọ fún un. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Láti ìgbà náà, onígìtá kankan kò tíì wá. Mo máa ń gbá iwájú ilé ní Sátidé, mo máa ń gbé bẹ́ǹṣì jáde, mo máa ń gbé e wọlé. Igi kan kì í dá igbó ṣe, ìyẹn ti di ohun tí mo mọ̀ ní ara mi. Nígbà mìíràn mo máa ń kọ orin tí mo kọ fún Tósìn. N kò gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohùn ènìyàn wà nínú ilé.

Ẹ̀yin ọmọ, n kò ní kí ẹ má kọ́ṣẹ́ yìí. Bí etí yín bá dára tí ẹ sì ní sùúrù, ó ṣì wúlò, pàápàá ní báyìí tí ohùn pọ̀ tí ẹni tó ń yàn án kò pọ̀. Mo ṣì lè sọ ohun tí ẹ ó máa gbọ́ fún yín, mo sì lè kọrin fún yín bí ẹ kò bá mú olórin wá. Bí ẹ bá béèrè Bàbá Fésà ní Ìlaròó, wọn yóò fi ilé hàn yín. Ẹ má kan ilẹ̀kùn, nítorí n kò ní gbọ́. Ẹ kàn tì í, kí ẹ máa wọlé bọ̀.